Aránṣọ Tó Ń Fa Òwú Pupa Lẹ́nu Ọmọ

Ẹ gbé fóònù yín yẹn sílẹ̀ ná. Mo ti wò ó, mo ti rí i. Ọkùnrin yẹn ki ẹyẹ bọ inú fìlà, ẹyẹ pòórá, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ fi ìka tì í, òmíràn tún jáde. Kí n tó ṣẹ́jú, ẹ ti gbàgbé èyí àkọ́kọ́. Mi ò bá yín jà o. Ó kàn ṣe mí bákan ni, nítorí pé ní Ìfọ̀nyìn níbí, ní àgbàlá tí ẹ jókòó sí yìí, mo ti rí i tí idán kan ṣoṣo dá awuyewuye sílẹ̀ nílùú, tí wọ́n ń jiyàn rẹ̀ lóko, lójú odò, àti níbi tí wọ́n ti ń fún epo pupa, títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Onídán náà kì í ṣe òyìnbó. Bàbá yín àgbà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ò bá a láyé, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín. Ràímì lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Aránṣọ ni gbogbo ènìyàn ń pè é, èmi fúnra mi ò sì pe orúkọ rẹ̀ sí i létí rí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà létí ọ̀nà ọjà, níbi tí ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe wà báyìí. Bí a bá ti kí ìrun àsùbá tán la ó ti máa gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kẹrẹ-kẹrẹ-kẹrẹ. Tó bá dákẹ́, oníbàárà ló dé tàbí òwú ló já. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í kọjá ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi. Bó bá jókòó tì oúnjẹ, ìka rẹ̀ á ṣì máa yí nǹkan, ì báà ṣe èèpo ẹ̀pà, ì báà ṣe ègé òwú. Nígbà tó wá tọrọ mi, ọwọ́ rẹ̀ ni ìyá mi wò, kò wo ojú rẹ̀.

Ohun tí kò ní ni ìwé. Ilé kéú ni wọ́n fi í sí, kò dé lékólì, ilé ìwé Faransé. Èmi ni mo dé ibẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé Àjàṣẹ́ ló tọ́ mi, mo sì gba sẹtifíkà, ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí n tó padà wálé. Láti ọjọ́ tí mo wọ ilé rẹ̀ ló ti ń pè mí ní Mẹ̀tìrẹ́sì, bí a ṣe ń pe obìnrin tó ń kọ́ ọmọ níwèé. “Mẹ̀tìrẹ́sì, omi dà?” “Mẹ̀tìrẹ́sì, wá bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí yìí.” Ó máa ń dùn mọ́ mi nínú, mi ò kàn jẹ́ kó mọ̀ ni.

A kò tíì bímọ nígbà tó lọ sí Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ kan láti ra òwú àti bọ́tìnnì. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ta ìwé àtijọ́ lórí àpò tó tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá yín ń kọjá lọ, ó rí ìwé kan tí èèpo rẹ̀ ti ya, tí wọ́n ya àwòrán ọwọ́ kún inú rẹ̀. Ọwọ́ tó di àlùmọ́gàjí mú. Ọwọ́ tó ń ta òwú ní kókó. Ọwọ́ tó ń ká aṣọ ìnujú. Ó rò pé ìwé aránṣọ ni, pé òyìnbó kan ti kó gbogbo àṣírí iṣẹ́ náà síbẹ̀. Ó rà á, ó fi aṣọ wé e, ó sì gbé e wálé bí ẹni gbé ẹyin.

Ó ń pè mí láti ojú ọ̀nà. “Mẹ̀tìrẹ́sì! Fi iṣẹ́ sílẹ̀! Mo ti ra ìwé iṣẹ́ mi!”

Mo nu ọwọ́ mi, mo ṣí i. Mo ka ojú ewé kan, mo ka èkejì, ẹ̀rín sì ń bọ̀ ní ọ̀fun mi. Ó jókòó síwájú mi, ó na ọrùn, ó ń retí kí n sọ bí wọ́n ṣe ń gé kóòtù.

Mo ní, “Ìwé yìí ò sọ̀rọ̀ aṣọ rárá. Ìwé idán ni.”

Ó ní, “Idán? Ṣé wọ́n máa ń kọ idán sínú ìwé ni?”

“Wọ́n kọ ọ́ o. Wọ́n sọ ibi tí wọ́n ń fi nǹkan pamọ́ sí, wọ́n sọ ohun tó yẹ kí ẹnu máa sọ nígbà tí ọwọ́ bá ń ṣe é.”

Mo rò pé yóò bínú, kó ní kí n fi tanná. Ṣùgbọ́n ó mú ìwé náà, ó tún wo àwọn ọwọ́ yẹn, ó wo tirẹ̀. Ó ní, “Kà á lọ.”

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìgbà yẹn, iná mànàmáná ò tíì dé àdúgbò wa, iṣẹ́ ọwọ́ ló sì ń gba ojúmọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Èmi á máa jọ gàrí níwájú ṣọ́ọ̀bù, ìwé á wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú òkúta lórí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má ṣí i. Òun á wà nídìí ẹ̀rọ. Bí mo bá ka gbólóhùn kan ní Faransé, màá yí i sí èdè wa, òun á dá ẹ̀rọ dúró, á gbìyànjú rẹ̀. Ìyẹ̀fun gàrí wà lára gbogbo ewé ìwé yẹn. Kò ní kí n kọ nǹkan kan sílẹ̀ fún òun. Ohun tí mo bá kà lẹ́ẹ̀mejì ti wọ orí rẹ̀ nìyẹn, kò tún ní jáde mọ́.

Ṣùgbọ́n Faransé tèmi, Faransé sẹtifíkà ni. Ibì kan wà nínú ìwé náà tí wọ́n ní kí onídán fi ìṣù òwú pamọ́ sínú “pómù”. Ní lékólì, ohun tí wọ́n fi kọ́ wa pé ó ń jẹ́ pómù ni èso kan tó pupa tó ń dán, tí òyìnbó fẹ́ràn. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì ló jọ ara wọn létí. Mo bá sọ fún un pé inú èso ni ká fi í pamọ́ sí. Kò sí èso náà ní Ìfọ̀nyìn. Bàbá yín ní ọsàn á ṣe é. Ó gbẹ́ ihò sí ọsàn, ó ki òwú bọ̀ ọ́, ó fi ọsàn sínú apá aṣọ rẹ̀, ó sì lọ pa idán níbi ìkómọ ọmọ àbúrò rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọsàn fọ́. Ó gbé ọwọ́ sókè láti fi hàn pé kò sí nǹkan níbẹ̀, omi ọsàn sì ń ṣàn láti ìgúnpá rẹ̀, ó ń kán sílẹ̀, kóró rẹ̀ ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tuntun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo wá bi mẹ́tìrù, olùkọ́ lékólì wa, ó ní pómù ti inú ìwé yẹn, àtẹ́lẹwọ́ ni. Mo wálé wá sọ fún un, ojú ń tì mí. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Ó ti wà lọ́wọ́ mi látọjọ́ yìí nìyẹn.” Títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, bó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, á na ọwọ́, á ní, “Mẹ̀tìrẹ́sì, bá mi bó ọsàn yìí.”

Idán òwú pupa ló sọ ọ́ di ènìyàn ńlá. Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Á pe ọmọdé kan jáde láàrin èrò, á ní kó la ẹnu, kí gbogbo ènìyàn wò ó pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Á fi aṣọ ìnujú nu ètè ọmọ náà, á bi í lórúkọ ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, á fi ìka méjì mú orí òwú kan ní ètè ọmọ, á bẹ̀rẹ̀ sí fà á. Òwú pupa á máa jáde. Á fún ẹnì kan ní orí rẹ̀, ẹni náà á máa fà á lọ, á gba iwájú àwọn àgbà kọjá, á yí igi ọ̀gbà ká. Obìnrin á máa ké “Yéè!”, ọmọ náà á máa la ojú rẹ̀ ràǹdànràǹdàn. Nígbà tí òwú bá fẹ́ tán, bàbá yín á fọwọ́ gbá ọmọ lẹ́yìn pẹ́ẹ́, bọ́tìnnì ńlá kan á sì já bọ́ sí i lọ́wọ́, ó so mọ́ ìdí òwú náà. Ariwo tí wọ́n máa ń pa nígbà yẹn, ẹni tó wà lóko á gbọ́ ọ.

A máa ń lọ sí Bánígbé, a máa ń lọ sí Ko-Kúmólú. Bí ọmọ lékólì bá ń ṣe ayẹyẹ òpin ọdún, wọ́n á ránṣẹ́. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó lẹ́nubodè Ìgòlò pàápàá ti pè é lọ́jọ́ ọdún kan. Kẹ̀kẹ́ ológeere la máa ń gùn, èmi lẹ́yìn pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ lórí itan. Ó ti rán bùbá kan tó fẹ̀, tí inú rẹ̀ kún fún àpò kéékèèké, ibi kan fún òwú, ibi kan fún bọ́tìnnì, ibi kan fún ẹyin. Mo mọ gbogbo ojú àpò yẹn bí mo ṣe mọ inú ilé ìdáná mi.

Ọ̀rọ̀ náà dé mọ́ṣáláṣí. Alfa wa nígbà yẹn, ọkùnrin arúgbó tó mú ẹ̀sìn le, wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó.

“Ràímì, wọ́n ní ò ń fa nǹkan jáde lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Alfa.”

“Àlùjànnú wo lò ń bá ṣiṣẹ́?”

Bàbá yín gbé àpótí fún un, ó ti ilẹ̀kùn díẹ̀. “Ẹ jókòó, Alfa. Ẹ wá wò ó.” Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fi ìṣù òwú tó ká rúgúdú hàn án, bó ṣe wà láàrin ìka, bó ṣe jẹ́ pé ọwọ́ ni òwú ti ń jáde tí ojú sì ń rò pé ẹnu ni. Alfa wò ó. Ó ní, “Tún un ṣe.” Ó tún un ṣe. Alfa bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín títí láwàní rẹ̀ fi tú. Nígbà tó máa lọ, ó ní, “Kí o tó bẹ̀rẹ̀ nígbàkigbà, máa sọ fún wọn pé ọwọ́ yíyá ni, kì í ṣe òògùn, kì í ṣe àlùjànnú. Kí ọrùn rẹ lè mọ́.”

Bàbá yín ò pa á jẹ lọ́jọ́ kan. Bí èrò bá ti pé, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ nìyẹn: “Ẹ̀yin ènìyàn, ọwọ́ yíyá ni o, kì í ṣe òògùn.” Àwọn ènìyàn á ṣẹ́jú sí ara wọn. Wọ́n á ní, “Ṣé olóògùn gidi máa sọ pé òun lóògùn ni?” Bó bá ṣe ń sọ ọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbà pé ohun ńlá wà lára rẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ ọjà kan, lówùúrọ̀. Mo ń gbá àgékù aṣọ kúrò nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù nígbà tí sẹ́mìjàn kan, alùpùpù akérò, já obìnrin méjì sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ kan. Sìkírátù lorúkọ èyí tó kéré lọ́jọ́ orí, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ni ní Bánígbé. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni èkejì. Ọmọ náà, Nàfí, ọmọbìnrin tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká, wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Ẹnu rẹ̀ ò pa dé. Itọ́ ń ṣàn láti ibẹ̀, ó ti rẹ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ṣìnkìn.

Sìkírátù kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. “Aránṣọ, ẹ ṣàánú mi. Mo rán an níṣẹ́ ní àná, ó fi owó ẹyọ onírin sẹ́nu, ó gbé e mì. Ó há sí i lọ́fun. Kò lè jẹun, kò lè mu omi, tó bá mu ún á tún padà jáde. Ẹ bá mi fà á.”

Bàbá yín dìde nídìí ẹ̀rọ. “Ẹ ti gbé e lọ sí díspánsáárì?”

“Wọ́n ní ká máa gbé e lọ sí Àjàṣẹ́, sí lópitálì ńlá.”

“Kí lẹ wá ń ṣe níbí?”

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló dáhùn. “Kí wọ́n lọ fi ọ̀bẹ gé ọmọ wa lọ́fun? Ojú mi yìí ló rí ọ ní Bánígbé nígbà tí o fa bọ́tìnnì jáde lẹ́nu ọmọ Bùráímọ̀, kò tilẹ̀ wúkọ́. Bọ́tìnnì yẹn tóbi ju owó ẹyọ lọ.”

“Ìyá, mo sọ fún yín lọ́jọ́ náà pé ọwọ́ yíyá ni.”

“Ìyẹn lo máa ń sọ.”

Ọjọ́ ọjà ni, ẹ rántí. Kí n tó gbójú sókè, èrò ti dí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó gbé ẹ̀gẹ́, àwọn tó gbé garawa epo, gbogbo wọn ń na ọrùn. “Aránṣọ, ẹ bá a fà á!” “Ẹ má jẹ́ kọ́mọ kú!” “Ṣebí ìṣẹ́jú kan ni!” Nàfí gbójú sókè wò ó. Òun náà ti rí òwú pupa yẹn rí, ó sì la ẹnu rẹ̀ sí i, ó ń dúró.

Bàbá yín fa ọwọ́ mi, a wọ ẹ̀yìn aṣọ tó gbé kọ́ níbi tí oníbàárà ti ń wọ̀ ọ́ wò. Ó ní, “Mẹ̀tìrẹ́sì, owó ẹyọ wà lápò mi. Mo lè fà á jáde lẹ́nu rẹ̀ nísinsìnyí, gbogbo wọn á yọ̀, wọ́n á gbé e lọ sílé.”

Mo ní, “Ọmọ yẹn á sì kú sílé.”

Ó ní, “Mo mọ̀. Tí mo bá ní mi ò lè ṣe é, wọ́n á ní mo kọ̀ ni. Wọ́n á jókòó síbí máa bẹ̀ mí títí ilẹ̀ á fi ṣú.”

Ó gbójú wo ara ògiri níbi tó gbé bùbá idán rẹ̀ kọ́, ó mú un, ó jáde sí wọn.

Ó na bùbá náà sókè kí gbogbo èrò rí i. Lẹ́yìn náà, ó yí i padà, ó fi inú rẹ̀ síta. Ó ń fa àpò jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ẹ wò ó. Ibí ni ẹyin máa ń wà. Ibí ni bọ́tìnnì. Ibí ni òwú.” Ó mú ìṣù òwú pupa, ó fi í sáàrin ìka, ó sún mọ́ ìyá àgbà yẹn, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí ojú rẹ̀ gan-an. Ó wá gbé ọwọ́ náà sẹ́nu ara rẹ̀, ó fà á díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń kọ́ ọmọ ní bí a ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. “Ṣé ẹ rí i? Kò ti ẹnu wá. Kò ti ẹnu ọmọ kankan wá rí. Ọwọ́ mi ló ti ń bọ̀. Mi ò lè yọ nǹkan kan lọ́fun ènìyàn, Ìyá. Mi ò ní agbára rẹ̀.”

Mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo lọ́nà jíjìn. Ọkùnrin kan láàrin èrò ní, “Bó ṣe rí náà nìyẹn?” Ó yí padà, ó lọ. Òmíràn pòṣé. Ojú bàbá yín wà nílẹ̀, bùbá tó ti yí sódì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹran tí wọ́n ti bó.

Sìkírátù ló bú sẹ́kún. “Ta ló máa wá yọ ọ́?”

“Dókítà ló máa yọ ọ́,” ni bàbá yín wí. “Ẹ dìde. Mo ń bá yín lọ. Mẹ̀tìrẹ́sì náà ń bọ̀, òun ló gbọ́ Faransé.”

A wọ takisí. Bàbá yín gbé Nàfí sórí itan ní gbogbo ọ̀nà, ó ń fi aṣọ ìnujú gba itọ́ rẹ̀, ó ń ta aṣọ náà ní kókó bí ehoro, ó ń tú u, ó tún ń ta á ní kókó bí ẹyẹ, kí ọmọ náà lè gbàgbé ọ̀fun rẹ̀. Ní lópitálì, èmi ni mo ń sọ ohun gbogbo fún dókítà, mo sì ń yí ọ̀rọ̀ dókítà padà sí èdè wa. Lọ́jọ́ náà, mo ń béèrè ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò bá yé mi, mi ò jẹ́ kí ìkankan kọjá. Wọ́n ya ràdíò ọ̀fun rẹ̀, àwòrán tó ń fi inú ara hàn. Dókítà gbé àwòrán náà sójú iná, owó náà sì wà níbẹ̀, ó funfun, ó yí roboto bí òṣùpá. Sìkírátù fọwọ́ kan àwòrán náà, ó sì fa ọwọ́ sẹ́yìn.

Dókítà ní òun ò ní fi ọ̀bẹ kàn án. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ oorun, wọ́n gbé e wọlé. A jókòó lórí bẹ́ńṣì. Ìyá àgbà ń ka tẹ̀súbà, bàbá yín ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, dókítà jáde wá. Ó ní ẹ̀mú gígùn kan lòun kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu láti fi yọ owó náà, pé ó ti tán. Ó na owó ẹyọ náà sí Sìkírátù, ó ti dúdú.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa dúpẹ́ nígbà tí ìyá àgbà di apá aṣọ dókítà mú. Ó wo inú rẹ̀. Ó yí sí mi, ó ní, “Ní kó tú àpò rẹ̀ wò.”

Mo ní, “Ìyá!”

“Ní kó tú u. Mo ti rí ti ọkọ rẹ láàárọ̀, ẹnikẹ́ni ò tún ní fi ọwọ́ yíyá tàn mí jẹ mọ́.”

Mo sọ ọ́ ní Faransé, ojú ń tì mí. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó tú àpò rẹ̀ méjèèjì síta. Bíìkì ìkọ̀wé kan ló wà níbẹ̀ àti ègé búrẹ́dì tí kò tíì jẹ. Ìyá àgbà wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́. Bàbá yín ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú òun náà.

Ọmọ náà yè o. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà délé, nǹkan ti yí padà. Bí bàbá yín bá ń kọjá lọ, àwọn ọmọdé á máa kígbe tẹ̀ lé e, “Ọwọ́ ló wà! Ọwọ́ ló wà!” Àwọn àgbà kan ní ó ti fi àwọn ṣe òmùgọ̀ fún ọdún púpọ̀, bí ẹni pé kò sọ ọ́ fún wọn nígbà gbogbo. Iléyá dé, kò sí ẹni tó ránṣẹ́ sí i. Òpin ọdún lékólì dé, àwọn ọmọ jó, wọ́n kọrin, wọ́n ò pè é. Kò ráhùn. Ó tú gbogbo àpò kéékèèké yẹn kúrò lára bùbá náà, ó ń wọ̀ ọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Èmi ni mo mọ̀ pé ìka rẹ̀ ò yí nǹkan kan mọ́ tó bá ń jẹun, ìyẹn sì ń dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ìgbà ọyẹ́ ni Sìkírátù tó wá. Ó gbé àpò gàrí, Nàfí sì ń sáré níwájú rẹ̀. Eyín iwájú rẹ̀ ti ń hù. Ìyá rẹ̀ ń dúpẹ́, ó ń kúnlẹ̀, ó ń dìde. Nàfí ò bá wọn dá sí i. Ó lọ dúró níwájú bàbá yín nídìí ẹ̀rọ, ó dijú, ó la ẹnu rẹ̀ gbàgà.

Ìyá rẹ̀ ní, “Nàfí! Kí lò ń ṣe yẹn?”

“Mo fẹ́ kí Bàbá fa òwú jáde.”

Bàbá yín ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣebí o wà níbẹ̀. O mọ̀ pé ọwọ́ mi ló wà.”

“Mo mọ̀,” ni ọmọ náà wí. “Ẹ fà á.”

Bàbá yín wò mí. Mo yí ojú mi sí ibòmíràn kó má baà rí i. Ó já òwú pupa lára ẹ̀rọ, ó ká a, ó nu ètè ọmọ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fà á. Nàfí la ojú kan, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ó rí ibi tí òwú ti ń jáde, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń rìn ní ìgbákè. Ó ní, “Tún un ṣe.” Àwọn tó ń lọ sí ọjà bẹ̀rẹ̀ sí dúró. Ẹnì kan ní, “Aránṣọ, ẹ ṣe é díẹ̀díẹ̀, kí n lè rí ibi tó gbà.” Ó ṣe é díẹ̀díẹ̀. Ẹni náà ò rí i. Wọ́n ní kó tún un ṣe.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti tún ń pè é. Kò jọ ti ìṣáájú. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Iwájú gan-an ni wọ́n máa ń jà sí báyìí, kí wọ́n lè mú ọwọ́ rẹ̀, àwọn àgbàlagbà ọkùnrin á máa na ìka, “Ó wà lósì! Ó wà lósì!”, òun á ṣí ọwọ́ òsì, kò sí nǹkan, wọ́n á sì ṣubú lu ara wọn. Mo rò pé ó dùn mọ́ ọn ju ti àtijọ́ lọ.

Ayé wá ń lọ bó ṣe ń lọ. Iná dé, tẹlifíṣọ̀n dé, àwọn ọmọ lékólì ń ya ẹ̀rọ olóhùn gooro fún ayẹyẹ wọn. Bàbá yín darúgbó. Àìsàn kan fọwọ́ bà á lápá ọ̀tún, ọwọ́ tí kì í sinmi yẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ fún ọmọ wa, ìyẹn bàbá tó bí yín. Síbẹ̀, ní Iléyá tó ṣe kẹ́yìn, nígbà tí a jẹ ẹran tán tí gbogbo àdúgbò jókòó sórí ẹní nínú àgbàlá yìí, ó ní òun fẹ́ fa òwú.

Mo ní kó má ṣe é. Ó pe ọmọ kékeré kan, ó nu ètè rẹ̀. Kó tó gbé ọwọ́ sókè, òwú pupa ti bọ́ láàrin ìka rẹ̀, ó ń fì lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Òun ò rí i. Ó ń bi ọmọ náà lórúkọ ìyá rẹ̀.

Mo gbójú wo èrò. Gbogbo wọn ló rí i. Àwọn tó máa ń kígbe “Ó wà lósì” rí i. Nàfí tó ti lọ́kọ, tó gbọ́mọ pọ̀n wá láti Bánígbé, rí i. Ọmọ kan na ìka, ìyá rẹ̀ sì rọra mú ìka náà, ó dì í mọ́wọ́. Bàbá yín wá òwú, ó rí i, ó gbé e sí ètè ọmọ náà pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí fà á. Nàfí ló kọ́kọ́ ké “Yéè!” Gbogbo àgbàlá sì gbà á. Wọ́n dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́, obìnrin ń gbá àyà, àwọn àgbàlagbà ọkùnrin ń bi ara wọn pé, “Báwo ló ṣe ń ṣe é?”

Nígbà tí wọ́n ti lọ tán, mo mú un lápá, a ń wọlé.

Ó ní, “Mẹ̀tìrẹ́sì, òwú yẹn bọ́ lọ́wọ́ mi.”

Mo ní, “Òwú wo?”

“Wọ́n rí i.”

“Ta ló rí i? Iwájú gan-an ni mo jókòó sí, mi ò rí nǹkan kan.”

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wojú mi, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí bọ̀ lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní, “Á jẹ́ pé gbogbo yín ti di onídán nìyẹn.”